Ẹ Má Yìn Ín Nítorí Àlejò: Bí Ìwádìí Ọjà Ṣe Ń Lọ

Ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Abẹ́òkúta, kò ṣàjèjì mọ́ kí ọ̀dọ́ kan tó fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn, tó mú tábílẹ́ẹ̀tì dání, kan gééètì, kó kí onílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó sì béèrè irú ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọṣọ nínú ilé náà. Àwọn kan á ní kó máa lọ: wọ́n rò pé gbájúẹ̀ ni, tàbí pé ìjọba ló rán an kó wá wo ẹni tó yẹ kó san owó orí. Àwọn mìíràn á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á fún un ní ìjókòó àti omi tútù, wọ́n á sì máa yin gbogbo ọjà tó bá dárúkọ, kí inú àlejò lè dùn. Nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó ń yin ọjà yìí ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jù. Ilé tí wọ́n ti lé e kò ju ẹyọ kan lọ, yóò kan ilẹ̀kùn mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyìn tí kò tọkàn wá yóò bá a lọ, wọn yóò pa á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù, ẹnì kan yóò sì fi ṣe ìpinnu lórí ọjà tí gbogbo wa ń rà.

Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ yìí ń ṣe là ń pè ní ìwádìí ọjà. Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rí ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ tí yóò yà á lẹ́nu: ife tí kò ní orúkọ lára, ìbéèrè kan náà tí wọ́n ń bi ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí a kò mọ̀ rí tó ń pè lórí fóònù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìdí kan náà ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fẹ́ kí òótọ́ dé ibi tó ń lọ láìsí pé ìtìjú, ọ̀wọ̀ àgbà, orúkọ ńlá tàbí ojú ẹ̀bùn yí i padà lọ́nà.

Ta ló rán an wá?

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ, nódùsì, mílíìkì tàbí ìpara kì í sábà ṣe ìwádìí yìí fúnra rẹ̀. Ó máa ń gbé e fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ pé kó béèrè, kó gba ìdáhùn, kó sì ṣírò rẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Òwò náà ti pẹ́ láyé: ní 1923 ni Arthur C. Nielsen dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Chicago, títí di òní ni orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Òun kọ́ ló kọ ìbéèrè tó ń kà, kò sì ní ìpín kankan nínú ọjà náà. Bí ẹ bá sọ fún un pé ọṣẹ yẹn ń bó yín lọ́wọ́, ẹ kò bú u, kò sì pàdánù kọ́bọ̀.

Inú máa ń bí àwọn kan bó bá kọ̀ láti dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó fẹ́ gbọ́, ojú onítọ̀hún lẹ ó máa wò kí ẹ tó dáhùn, ìdí tí wọ́n fi ń fi orúkọ náà pamọ́ nìyẹn. Àwọn ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́, ìyẹn orúkọ ara rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó rán an, ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, àti iye àkókò tí yóò gbà. Bó bá ń kólòlò lórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn yín.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé yín?

Ojú rere tàbí àwọ̀ ilé kọ́ ló fà á wá. Ọ̀gá rẹ̀ ti fún un ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀: ilé-ìwé kan, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí oríta. Láti ibẹ̀, òfin ló ń tẹ̀ lé. Yóò máa yà sí ọwọ́ kan náà, yóò fo iye ilé tí wọ́n kà fún un, kó tó kan òmíràn. Bó bá bá ilé tí ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ń gbé, tí yàrá dojú kọ yàrá, ó tún ní ọ̀nà tí yóò fi mú ẹyọ ìdílé kan. Nínú ìdílé náà gan-an, kò di dandan kó jẹ́ ẹni tó ṣílẹ̀kùn ni yóò dáhùn. Yóò béèrè gbogbo ẹni tó ti dàgbà tó ń gbé ibẹ̀, yóò tò wọ́n bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ìlànà ló sì máa mú ẹnì kan. Leslie Kish, onímọ̀ ìṣirò, ló gbé ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde ní 1949.

Nítorí náà, ó lè fi baálé ilé sílẹ̀ lórí àga kó ní àbúrò ìyàwó tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí ìyẹn bá ti jáde, yóò béèrè ìgbà tó ń dé, yóò sì padà wá. Ẹ má ka èyí sí àfojúdi. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń wà nílé lọ́sàn-án nìkan ló ń bi, ohùn àwọn tó jí lọ sọ́jà, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọmọṣẹ́ kò ní wọlé rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ń ra ọṣẹ.

Ìtàn kan wà tí gbogbo olùwádìí mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi káàdì ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ènìyàn láti mọ ẹni tí yóò wọlé ìbò ààrẹ. Àwọn tó dá a padà lé ní mílíọ̀nù 2, ìwé ìròyìn náà sì kéde pé Alf Landon ni yóò wọlé. Nígbà tí wọ́n dìbò, Franklin Roosevelt borí ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé fóònù àti ìwé orúkọ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ jọ, nígbà tí ọ̀wọ́n owó gbòde, tí tálákà kò ní fóònù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èrò àwọn tó dáhùn kò bá ti àwọn tó dákẹ́ mu. George Gallup, tó bi èrò tó kéré púpọ̀ sí ìyẹn, ṣùgbọ́n tó fara balẹ̀ ṣà wọ́n, sọ pé Roosevelt ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ yìí ti mọ̀ pé èrò tí wọ́n ṣà dáadáa sàn ju ogunlọ́gọ̀ tó kàn yọjú lọ. Bí aládùúgbò yín bá sáré dé pé kí wọ́n bi òun náà, tí ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín tó sì kọ̀, ohun tó ń sá fún nìyẹn.

Ìbéèrè tó ń ṣáájú ìbéèrè

Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, àyẹ̀wò kékeré kan wà. Wọ́n á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé yín ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà, iṣẹ́ ìròyìn, iṣẹ́ ìwádìí, tàbí bóyá ó wà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ọjà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì máa lọ, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ju ohun tí oníbàárà lásán mọ̀ lọ, ó sì lè tú àṣírí. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ ti kópa nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń sọ. Wọ́n á béèrè ọjọ́ orí yín, ibi tí ìwé yín dé, bóyá fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ tàbí ọkọ̀ wà nílé. Irú ìdáhùn báyìí ni wọ́n fi ń pín àwọn ilé sí ìsọ̀rí, láti A títí dé E. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yìí dùn yín. Ohun tó wà fún kò ju kí wọ́n rí i pé olówó àti mẹ̀kúnnù wà nínú ìwádìí náà ní ìwọ̀n tó yẹ.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀ kí wọ́n ní iye èrò tí àwọn ń wá nínú ìsọ̀rí yín ti pé. Ibí yìí ni ìdánwò ti máa ń wọlé. Àwọn agbódegbà kan wà tó ń kó èèyàn jọ fún ìwádìí, tí wọ́n á sọ fún yín ṣáájú pé, “Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ ó sì gba owó ọkọ̀.” Ẹni tó bá gbà sí i lẹ́nu yóò jókòó fún wákàtí méjì, yóò máa ṣàlàyé adùn mílíìkì tí kò fẹnu kàn rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọra

Ìwádìí inú ilé lè gbà tó ìṣẹ́jú 20, ó sì lè tó 45. Ẹ lè ní kó fi Yorùbá bi yín. Bí wọ́n bá ti túmọ̀ ìwé ìbéèrè ṣáájú, bó ṣe wà níbẹ̀ ni yóò kà á. Bí ìbéèrè kan kò bá yé yín, yóò tún un kà, ṣùgbọ́n kì í sábà fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ là á yé yín. Ó lè dà bíi pé kò gbọ́n tàbí pé ó ń ṣagídí. Bó bá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín lọ́nà kan, tí ẹlòmíràn ní Òṣogbo ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà mìíràn, ìbéèrè méjì ni wọ́n ti bi àwọn ènìyàn, a kò sì lè ṣírò ìdáhùn wọn pọ̀ mọ́.

Ó lè kọ́kọ́ béèrè nódùsì tó bá kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, láìdárúkọ kankan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ka orúkọ àwọn tó wà lọ́jà, tábílẹ́ẹ̀tì á sì máa yí bí wọ́n ṣe tò padà láti ilé dé ilé kí èyí tó wà lókè má baà máa jẹ èrè ipò rẹ̀. Ó tún máa ní kí ẹ fún nǹkan ní ipò láti 1 dé 5, láti “kò wù mí rárá” títí dé “ó wù mí gan-an.” Irú òṣùwọ̀n yìí ti wà láti 1932 tí Rensis Likert, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ jáde. Níbí ni ìwà ọmọlúàbí wa ti máa ń dí òótọ́ lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ síwájú wa, a kì í sọ fún un pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Nítorí náà ọ̀pọ̀ wa á gbé 5 fún òórùn, 5 fún àwọ̀, 5 fún iye owó. Ìwé tó kún fún 5 kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Ọjà tí owó rẹ̀ ga jù fún yín, ẹ fún un ní 1, kí ọkàn yín má ṣe dá yín lẹ́bi.

Àwọn ìbéèrè kan tún wà tí kò bá ara ilé wa mu. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n yóò béèrè iye ọmọ tó wà nílé àti ọjọ́ orí wọn, nítorí ìyẹn ló ń sọ bí agolo mílíìkì ṣe ń tètè tán. Ti owó oṣù náà wà níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń gbé káàdì kan lé yín lọ́wọ́ tí wọ́n ti pín iye owó sí ìpele, ẹ ó wulẹ̀ dárúkọ lẹ́tà tó wà níwájú ìpele tiyín, kí ará ilé tó wà nítòsí má baà gbọ́. Bí èyíkéyìí bá nira, ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́ dáhùn rẹ̀. Bó bá sọ pé ìṣẹ́jú 10 ni, tó wá di 40, ẹ lè dá a dúró. Tinútinú ni ìkópa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ife tí kò ní orúkọ

Irú ìwádìí kejì ń wáyé ní gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ tọ́ nǹkan wò. Wọ́n á gbé ife méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀, nọ́ńbà ni yóò wà lára wọn dípò orúkọ: 417, 862. Nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́ta báyìí ni wọ́n ń lò nítorí pé bí wọ́n bá kọ A àti B, ọkàn àwọn mìíràn á ti sọ pé A ló dára jù. Ẹ lè kọ́kọ́ tọ́ 417 wò, kí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín kọ́kọ́ tọ́ 862. Wọ́n á fún yín ní omi kí ẹ fi ṣan ẹnu láàárín méjì. Wọ́n á ní kí ẹ má bá ara yín sọ̀rọ̀, kí ojú ẹnì kan tó rẹ̀wẹ̀sì má baà kó bá ahọ́n èkejì. Kí ẹ tó fẹnu kan ohunkóhun, ó yẹ kí wọ́n béèrè bóyá oúnjẹ kan wà tí ara yín ń kọ̀, bóyá ẹ ní àtọ̀gbẹ, tàbí bóyá ẹ lóyún. Bí wọn kò bá béèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́.

Síbẹ̀, ẹnu lè sọ òótọ́ kí ìpinnu ṣì kùnà. Ilé-iṣẹ́ Coca-Cola fún nǹkan bíi 200,000 ènìyàn ní àdàlù tuntun kan tọ́ wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1985, wọ́n kéde àdàlù tuntun náà, wọ́n sì gbé ti àtijọ́ kúrò nílẹ̀. Àwọn oníbàárà fárígá, ìpè àti lẹ́tà ìbínú ń wọlé, títí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún kan náà pé ti àtijọ́ ń padà bọ̀. Àwọn tó tọ́ ọ wò kò purọ́. Ìbéèrè ọ̀hún ni kò kún tó: èyí tó dùn jù lẹ́nu ni wọ́n bi wọ́n, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bi wọ́n bí yóò ṣe rí lára wọn bí èyí tí wọ́n ti ń mu láti kékeré bá pòórá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu kan nínú ife kékeré kì í ṣe odindi ìgò. Nítorí irú èyí ni wọ́n fi ń fún àwọn olùkópa mìíràn ní ọjà gbé lọ sílé nígbà mìíràn, kí wọ́n lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n tó wá bi wọ́n. Bí wọ́n bá fún yín ní ọṣẹ bẹ́ẹ̀, òun ni kí ẹ fi fọṣọ. Ẹ má gbé e fún ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ wá máa ròyìn ohun tí ẹ kò lò.

Ìjíròrò àjùmọ̀ṣe

Irú kẹta ni ti àwọn ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá tó jókòó yí tábìlì ká fún bíi wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì. Robert K. Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ń wádìí bí ètò orí rédíò ṣe ń wọ àwọn ènìyàn lára. Adarí kan ni yóò máa tọ́ ọ̀rọ̀ sọ́nà. Ohùn yín, nígbà mìíràn àwòrán yín pẹ̀lú, ni wọn yóò gbà sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé dígí tó wà lára ògiri jẹ́ èyí tí àwọn kan jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wò yín. Ó di dandan kí wọ́n sọ gbogbo èyí fún yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìpàdé ilé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tó bá sì sọ ni àwọn kékeré á máa fi orí gbà. Àwọn olùwádìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí wọ́n fi ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ lọ́tọ̀, tí wọ́n ń kó àwọn ìyálé ilé jọ lọ́tọ̀, tí adarí sì máa ń yíjú sí ẹni tó dákẹ́ jù pé, “Ẹ̀yin ńkọ́?” Ó lè béèrè ohun tó jọ ẹ̀fẹ̀: bí ìpara yìí bá jẹ́ ènìyàn, irú ènìyàn wo ni? Ẹ má rẹ́rìn-ín kọjá. Ẹni tó bá dáhùn pé “ìyàwó olówó tí kì í kí ará àdúgbò” ti sọ ohun tí ìwọ̀n 1 sí 5 kò lè sọ.

Ẹ̀bùn, ìpè àti òfin

Nígbà tó bá parí, wọ́n lè fún yín ní káàdì ìpè, owó ọkọ̀, tàbí ẹ̀bùn kékeré. Ìdúpẹ́ fún àkókò yín ni, ẹni tó bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà àti ẹni tó yìn ín, iye kan náà ni wọ́n ń gbà. Bí ẹ̀bùn bá wà, ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnì kan lè pè yín pé: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n wá? Ó tó ìṣẹ́jú mélòó? Wọ́n fún yín ní ẹ̀bùn? Ẹ má bẹ̀rù. Òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi kí wọ́n fúnra wọn kọ ìdáhùn ilé mẹ́wàá. Nítorí àwọn wọ̀nyí náà ni tábílẹ́ẹ̀tì fi máa ń gba ibi tí wọ́n dúró sí sílẹ̀.

Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín kò gbọ́dọ̀ bá ìdáhùn yín lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà láìjẹ́ pé ẹ gbà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín ṣe, láti gba ìyọ̀ǹda yín padà, àti láti béèrè kí wọ́n pa ohun tó jẹ mọ́ yín rẹ́. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dáhùn láìsí ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́. Ìlànà àgbáyé tí ICC, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé, àti ESOMAR, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ọjà, jọ fi lélẹ̀ kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ìwádìí tajà.

Ẹ lè fi èyí mọ gbájúẹ̀. Olùwádìí tòótọ́ kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Kò ní ohun tó fẹ́ fi BVN, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM, tàbí nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín ṣe. Bó bá béèrè ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ìwádìí ti parí nìyẹn.

Ẹ lè má rí àbájáde ohun tí ẹ sọ láéláé. Ìdáhùn yín yóò wọ inú ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ilé-iṣẹ́ tó sanwó rẹ̀ sì lómìnira láti má tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ilé bá sọ pé ìdérí kan ṣòro ṣí, tàbí pé àwọn kò lágbára àtira páálí ńlá mọ́, èyí tó wà nínú ọ̀rá kékeré làwọn lè rà, ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ṣe ọjà náà gbọ́ nìyẹn, kò sì sí ibòmíràn tó rọrùn fún un láti gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kọ ìwé ìbéèrè náà mọ̀ pé ohun gbogbo kọ́ lẹ ó mọ ìdáhùn rẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún “mi ò mọ̀.” Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jọ bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.